Ilé Oko tó Di Ilé Ẹ̀kọ́

Ewì lẹ máa ń bá lọ́wọ́ mi nínú ìwé ẹgbẹ́ wa yìí, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí ìtàn ni mo gbé wá, ìtàn ilé kan. Ẹ fara balẹ̀ kà á, nítorí ọ̀rọ̀ náà kan gbogbo àwa tí à ń kọ́ Yorùbá, bí ilé ọ̀hún ò tilẹ̀ sí ní Nàìjíríà.

Kí n tó débẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó gbé mi dé ìdí ọ̀rọ̀ náà. Nígbà ìsinmi Àjíǹde tó kọjá, ẹbí wa ṣe ìpàdé ní Ògùdù. Ilé àtijọ́ kan wà lẹ́yìnkùlé wa níbẹ̀, ilé alámọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ lára, tí páànù orí rẹ̀ ti dípẹtà. Ilé ìdílé ni gbogbo wa ń pè é. Ẹnì kan fẹ́ ra ilẹ̀ náà, kó wó ilé yẹn, kó kọ́ fúláàtì síbẹ̀. Àwọn kan ní ká tà á, ká pín owó. Àwọn kan ní èèwọ̀ ni, a kì í ta ilé bàbá ẹni. Ariwo ta. Èmi tí mo jókòó sẹ́yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, mo kàn béèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ló kọ́ ilé yìí gan-an, ọdún wo ló sì kọ́ ọ?"

Kẹ́kẹ́ pa. Bọ̀ọ̀dá mi kan ní ayé Òyìnbó ni. Ẹlòmíràn ní irọ́ ni, lẹ́yìn òmìnira ni. Àǹtí wa kan tiẹ̀ ní ṣe ni wọ́n bá ilé náà níbẹ̀. Ni ọ̀kan nínú àwọn bàbá wa bá yíjú sí mi, ó ní, "Ìwọ tó ń kàwé Yorùbá ní yunifásítì, àwa lo wá ń bi?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn gún mi lára.

Mo gbé e dání padà sí ilé ẹ̀kọ́. Ohun tí mò ń kà lọ́wọ́ nígbà náà ni bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kọ Yorùbá sílẹ̀. Àjàyí Crowther ni mò ń wá, ilé ni mo bá pàdé.

Ẹ gbọ́ ná. Bí wọ́n bá jí akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá èyíkéyìí lóru, tí wọ́n bi í pé ta ló kọ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tó jáde ní 1843, á ní Crowther ni, kó tó nu ojú tán. A ti há a sórí fún ìdánwò. Ṣùgbọ́n inú ilé wo ni Crowther fúnra rẹ̀ ti jókòó kàwé? Mo bi àwọn ọ̀rẹ́ mi ní họ́sítẹ́ẹ̀lì. Ẹni tó gbìyànjú jù nínú wọn ní London ni. Crowther dé London lóòótọ́, ṣùgbọ́n Fourah Bay ni mo ń sọ, ní Freetown, ní Sàró.

* * *

Ilé ọ̀hún kò bẹ̀rẹ̀ bí ilé ìwé. Ní 1825 ni Charles Turner, ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì kan, dé Freetown gẹ́gẹ́ bí gómìnà. Kò pẹ́ níbẹ̀ rárá. Ní oṣù kẹta 1826, ibà pa á. Ó ní ilé àti ilẹ̀ kan ní Fourah Bay, lápá ìlà-oòrùn Freetown, létí omi. Ilé tó wà lẹ́yìn ìlú, tí ilẹ̀ yí i ká, kí là ń pè é lédè tiwa bí kò ṣe ilé oko?

Lásìkò yẹn, ẹgbẹ́ ajíhìnrere CMS ń wá ibi tí wọ́n á ti máa kọ́ àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú ní iṣẹ́ tíṣà àti iṣẹ́ ìwàásù. Wọ́n ti kọ́kọ́ dá irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ lórí òkè Leicester, wọ́n tún gbé e lọ sí abúlé Regent, ṣùgbọ́n kò fi bẹ́ẹ̀ rọ́wọ́ mú. Ní 1827 wọ́n rán Charles Haensel, ọmọ Jámánì, wá láti tún un bẹ̀rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà péré ló fi bẹ̀rẹ̀. Orúkọ tó ṣáájú nínú wọn ni ti Samuel Crowther. Kò pẹ́ sígbà náà ni CMS ra ilé àti ilẹ̀ tí Turner fi sílẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ náà sì kó lọ síbẹ̀. Bí ilé olóògbé gómìnà ṣe di ti ilé ẹ̀kọ́ nìyẹn, tí orúkọ ibẹ̀ sì mọ́ ilé ẹ̀kọ́ náà lórí títí dòní.

Ẹ jẹ́ ká dúró níbí díẹ̀. Ọmọ ọdún mélòó ni Àjàyí nígbà yẹn? Bí ọdún 1809 ni wọ́n bí i ní Òṣogùn, nítorí náà kò ju nǹkan bí ọmọ ọdún méjìdínlógún lọ. Bí ọjọ́ orí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sọ́dọ̀ wa lọ́dún yìí ni, àwọn tí à ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé wọn ò mọ̀nà kántíìnì. Ní 1821 ni ogun kó Òṣogùn, tí wọ́n fi okùn sí ọmọ náà lọ́rùn, tí wọ́n ń tà á láti ọwọ́ kan dé ọwọ́ kejì títí ó fi dé Èkó. Ní oṣù kẹrin 1822 ni àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ àwọn Potogí tó wà nínú rẹ̀ lójú òkun, wọ́n sì gbé wọn lọ sí Freetown. Ọdún márùn-ún péré lẹ́yìn èyí ló di akẹ́kọ̀ọ́ Haensel. Èmi tí mò ń ráhùn pé iná ò sí, mi ò lè kàwé!

Kì í ṣe òun nìkan ni Yorùbá tó wà níbẹ̀. Ogun tó tú Ọ̀yọ́ àtijọ́ ká ti sọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn wa di ẹrú, àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lójú òkun ni wọ́n ń já sí Freetown. Àwọn ará ibẹ̀ ò mọ orúkọ tí wọ́n á pè wọ́n. Ohun tí wọ́n ń gbọ́ lẹ́nu wọn láàárọ̀ lálẹ́ ni "ẹ kú, a kú": a kú iṣẹ́, a kú ilé, a kú ewu. Ni wọ́n bá sọ wọ́n ní Àkú. Ìkíni wa ni wọ́n fi sọ wá lórúkọ. Nígbà tí Òyìnbó ajíhìnrere kan, John Raban, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àwọn ìwé pélébé jáde ní nǹkan bí 1830 nípa èdè wa, èdè Àkú ló pè é. Ẹ̀rí nìyẹn pé kí Crowther tó kọ tirẹ̀ ni wọ́n ti ń gbìyànjú àtikọ Yorùbá sílẹ̀ ní Freetown, nítorí ibẹ̀ lẹnu àwọn tó ń sọ ọ́ pọ̀ sí.

Ní 1834 Crowther padà wá sí Fourah Bay, lọ́tẹ̀ yìí gẹ́gẹ́ bíi tíṣà. Ní 1843 ìwé rẹ̀ jáde, lọ́dún yẹn kan náà ni wọ́n fi í jẹ àlùfáà ní London. Ní oṣù kìn-ín-ní 1844, ó dúró níwájú àwọn èèyàn rẹ̀ ní Freetown, ó sì wàásù fún wọn ní Yorùbá. Ẹ ronú sí i. Àwọn tó wà nínú ìjọ yẹn ti ń gbọ́ èdè wọn lọ́jà àti nídìí ààrò, ṣùgbọ́n wọn ò tíì gbọ́ ọ rí láti orí pẹpẹ.

* * *

Apá tó mú mi kọ ìtàn yìí ló kàn báyìí.

Ilé Turner kò gba ilé ẹ̀kọ́ náà títí láé. Ẹni tó wá di ọ̀gá ibẹ̀ láti nǹkan bí 1840 ni Edward Jones, aláwọ̀ dúdú láti Charleston ní Amẹ́ríkà, tó gboyè ní Amherst College ní 1826. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n pinnu láti kọ́ ilé ńlá tuntun sórí ilẹ̀ náà. Ní oṣù kejì 1845, Gómìnà William Fergusson fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀. Dókítà ni Fergusson, ìran aláwọ̀ dúdú láti Jamaica. Ẹ wò ó: gómìnà aláwọ̀ dúdú, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ aláwọ̀ dúdú, ní 1845, nígbà tí ẹrú ṣì wà lóko ní Amẹ́ríkà níbi tí wọ́n ti bí Jones. Wọ́n sọ pé orí ibi tí ilé àwọn oníṣòwò ẹrú wà ní ogójì ọdún ṣáájú ni wọ́n fi ìpìlẹ̀ náà lé.

Òkúta pupa ni wọ́n fi kọ́ ọ, ó ga, ó sì gbòòrò. Ní 1848 ni wọ́n ṣí i. Kí ni wọ́n fi ṣe igi òrùlé? Òpó ìgbòkun àwọn ọkọ̀ ẹrú ni.

Bó ṣe rí bẹ́ẹ̀ rè é. Bí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì bá mú ọkọ̀ ẹrú, Freetown ni wọ́n máa ń wọ́ ọ wá, síwájú ilé ẹjọ́ kan tí Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn jọ dá sílẹ̀. Bí ilé ẹjọ́ bá dá a lẹ́bi, wọ́n á tú àwọn èèyàn sílẹ̀, wọ́n á sì lu ọkọ̀ ní gbàǹjo. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ gbàǹjo ò dáa, torí àwọn oníṣòwò ẹrú tún ń rán èèyàn wá ra ọkọ̀ kan náà padà, ó di ojú òkun. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Sípéènì ṣe àdéhùn ní 1835, wọ́n wá fi í sínú àdéhùn náà pé ká máa gé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ sí wẹ́wẹ́ ni, ká máa ta igi àti irin rẹ̀. Bí igi ọkọ̀ ṣe di ohun tí wọ́n ń rà kọ́lé ní Freetown nìyẹn. Òpó tó gbé ìgbòkun tó yẹ kó gbé èèyàn lọ sí oko ẹrú, abẹ́ rẹ̀ ni àwọn ọmọ àwọn èèyàn yẹn jókòó sí tí wọ́n ń kàwé.

Mo ka ibí yìí lẹ́ẹ̀mẹta. Akéwì ni mí, mo fẹ́ fi kún un, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí mo lè fi kún un.

Abẹ́ òrùlé yìí ni ọmọ Jámánì mìíràn, Sigismund Koelle, ti ṣiṣẹ́. Ó dé Fourah Bay ní 1847. Ó ń kọ́ wọn ní èdè, àmọ́ iṣẹ́ tí ayé mọ̀ ọ́n sí ni pé ó ń pe àwọn tí wọ́n gbà lóko ẹrú lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń bi wọ́n pé: kí lẹ̀ ń pe orí níbi tí wọ́n bí yín sí? Kí lẹ̀ ń pe omi, kí lẹ̀ ń pe iná? Ọ̀rọ̀ tó tó ọ̀rìnlúgba ó lé díẹ̀ ló fi ń wá ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lẹ́nu wò, nínú èdè tó lé ní àádọ́jọ. Ó tẹ ìwé náà jáde ní 1854, ó pè é ní *Polyglotta Africana*. Bí ẹ bá dé ibi tí ó kó ẹ̀ka èdè Àkú sí, ẹ ó rí Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀ṣà, Ìjẹ̀bú, Ifẹ̀, Oǹdó, Yàgbà. Ẹ ó sì rí Ọ̀tà. Èmi ọmọ Ògùdù, ọmọ Àwórì, nígbà tí mo rí Ọ̀tà níbẹ̀, ṣe ni mo dìde lórí àga. Àwórì kan ti jókòó ní Freetown láyé ọjọ́un, ó ti ya ẹnu sọ ohun tí a ń pe iná, ẹnì kan sì ti kọ ọ́.

Látibẹ̀ ni àwọn èèyàn ti ń bọ̀ nílé. James Johnson, tí wọ́n bí ní Sàró fún òbí Yorùbá, kàwé ní Fourah Bay, ó sì wá sí Èkó ní 1874, òun lẹ wá ń gbọ́ ní Bíṣọ́ọ̀bù "Holy" Johnson. Ní 1876 ilé ẹ̀kọ́ náà so mọ́ Yunifásítì Durham, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá kàwé ní Freetown lè gba oyè Durham láì wọ ọkọ̀ òkun lọ sí ìlú Òyìnbó. Isaac Olúwọlé wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbà á, ó sì di ọ̀gá ní CMS Grammar School l'Ékòó. Ibàdàn ò tíì sí nígbà yẹn, 1948 ni tiwọn bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ń wá oyè yunifásítì ní apá ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà yìí láyé ọjọ́un, Fourah Bay lojú ń wò.

* * *

Báwo ni ilé yẹn ṣe wà báyìí? Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n kó ilé ẹ̀kọ́ kúrò níbẹ̀ lọ sí Mabang. Lẹ́yìn ogun, orí òkè Mount Aureol ni wọ́n gbé e lọ, ibẹ̀ ló sì wà títí dòní lábẹ́ Yunifásítì Sierra Leone. Ilé àtijọ́ di ọ́fíìsì àwọn onírélùwéè, ó tún di ilé ẹjọ́. Ní 1955 wọ́n kéde rẹ̀ ní ilé àjogúnbá orílẹ̀-èdè. Nígbà ogun abẹ́lé tó bẹ̀rẹ̀ ní 1991, àwọn tí ogun lé kúrò nílé sá sínú rẹ̀. Ní 1999 iná jó inú rẹ̀ gúlúgúlú. Ògiri òkúta ló kù. Ní 2012 wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sínú àkọsílẹ̀ àwọn ibi tí Sàró fẹ́ kí UNESCO gbà wọlé. Ní 2027 ni ilé ẹ̀kọ́ náà ń pé igba ọdún.

Ṣùgbọ́n èèyàn ò bá ògiri jóná. Ní Freetown, wọ́n ṣì ń pe ìkómọjáde ní "komojade", wọ́n ń pe aṣọ ẹbí ní "ashobi", bí wọ́n bá ń sàrà fún òkú wọ́n ń ṣe "awujoh". Àwọn Mùsùlùmí ìran Yorùbá ṣì wà ní àdúgbò Fourah Bay yẹn gan-an.

Ohun kan ń jà rànyìn lọ́kàn mi nínú gbogbo ìtàn yìí o. A mọ Turner, torí òun ló ni ilé. A mọ Haensel, a mọ Jones, a mọ Fergusson. Orúkọ wọn wà nínú ìwé. Ta ló ń roko lórí ilẹ̀ yẹn kí Turner tó dé? Ilẹ̀ àwọn Temne ni Freetown. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì bá àwọn ọba wọn ṣe àdéhùn ní 1787 àti 1788. Ẹni tó bọwọ́ lùwé la mọ̀. Ẹni tó ń kọ ebè síbẹ̀ kò sí nínú ìwé kankan. Ìwé ilẹ̀ kì í rántí ju ẹni tó tà àti ẹni tó rà.

Ìdí nìyí tí mo fi mú bọ́ọ̀sì lọ sí Ògùdù ní ọjọ́ Sátidé kan láàárín sẹ̀mẹ́sítà. Mo kúnlẹ̀ kí ìyá bàbá mi. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ilé ìdílé wa tó wà lẹ́yìn yẹn, ta ló kọ́ ọ?"

Wọ́n wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ ò pé. Wọ́n ní, "Ta ló sọ fún ẹ pé ilé ni? Abà ni. Abà oko bàbá ọkọ mi ni. Ṣé ilé wá wà níbí nígbà yẹn? Ẹ̀gẹ́ ló kún ibi tẹ́ ẹ kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí yìí, omi ọ̀sà ló wà lápá ibẹ̀ yẹn. Ọkọ̀ la fi ń kó gàrí lọ sọ́jà. Bí òjò bá ti ṣú, ká má baà pẹ́ lọ́nà, inú abà yẹn la máa ń sùn. Ibẹ̀ ni mo bí bàbá rẹ sí."

Mo ní, "Màmá, inú abà?"

Wọ́n ní, "Ṣé o fẹ́ kí n bí i sójú ọ̀nà ni?"

Wọ́n sọ orúkọ ẹni tó po amọ̀ rẹ̀. Wọ́n sọ orúkọ obìnrin méjì tó ń gbé ẹ̀gẹ́ lọ́dọ̀ wọn láti oko dé ibi tí wọ́n ti ń rìn ín, àwọn tí kì í ṣe ẹbí wa, tí kò sẹ́ni tó dárúkọ wọn nípàdé yẹn. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé ẹ̀kọ́ mi, ojú ewé mẹ́rin tinú tẹ̀yìn. Nígbà tí ọwọ́ mi dúró, wọ́n ní, "Ṣé ó ti tán ni? Mi ò tíì sọ ti kànga."

Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n á ta ilé náà. Ẹbí ò tíì fẹnu kò. Bí wọ́n bá tà á, orúkọ ẹni tó rà á ló máa wà nínú ìwé ilẹ̀, bó ṣe yẹ kó rí náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìwé kejì ti wà báyìí, ọwọ́ mi ló wà, mo sì ti ṣe fọ́tòkọ́pì ẹ̀ fún bàbá wa tó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nípàdé. Wọ́n kà á tán, wọn ò sọ nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pè mí, wọ́n ní orúkọ obìnrin kejì yẹn, mo ṣì í kọ, wọ́n sì pe ohùn rẹ̀ fún mi bó ṣe yẹ.

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ìsinmi ti ń bọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ní ìyá àgbà nílé, ẹ mú ìwé àti bírò dání lọ. Ẹ má bi wọ́n ní ìtàn ìlú, wọ́n á ní àwọn ò mọ̀ ọ́n. Ilé ni kí ẹ bi wọ́n: ta ló po amọ̀ rẹ̀, ta ló gbé omi, níbo ni igi òrùlé ti wá. Ẹ kọ ọ́ pẹ̀lú àmì ohùn o, kí orúkọ èèyàn má baà di orúkọ ẹlòmíràn. Bí ẹ bá padà dé, ẹ mú un wá fún ìwé ẹgbẹ́ wa tó ń bọ̀.